Ọjọ́ tí Àwọn Àna Wa Wá láti Ìfọ́n, tí Ọkàn Lásún Fẹ́ẹ̀ Dúró

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀ kí n ro ohun tí ojú mi rí ní ilé wa ní Ìlobù fún yín. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí, mi ò tíì lè gbé e mì. Bí mo bá rántí, ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà inú á wá máa bí mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, èmi ni mo ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí. Mi ò ka ìwé dókítà. Ohun tí mo ní ni ojú tó ń wo nǹkan fínnífínní, àti ìwé pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú páálí oògùn, èyí tí ẹ̀yin máa ń jù nù tàbí kí ẹ fi wé ẹ̀pà. Èmi máa ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí lẹ́tà bá ti kéré jù, mo máa ń fi awò tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń wo kòkòrò kà á. Nítorí èyí ni ẹbí mi ṣe sọ mí ní Dókítà Bébà. Wọn kò fi yìn mí o.

Káfíńtà ni àbúrò mi ọkùnrin, Lásún. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún un ní oògùn kan tó ń jẹ́ haloperidol, mílígíráàmù márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ohùn dákẹ́, oorun padà, Lásún padà sí ìdí ayùn rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ti fẹ́ ìyàwó, Sìkírá, ó sì ti bí ọmọ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn yìí tán kó wá ní oògùn ló burú.

Inú ìwé pẹlẹbẹ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé oògùn yìí, àti ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, lè da lílù ọkàn láàmú. Mo wá ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ẹ wo bó ṣe rí: àfi bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Ọmọ odó ẹnì kìíní gbọ́dọ̀ jáde kí tẹnì kejì tó wọlé. Lẹ́yìn tí ọkàn bá lù, ó ní ìwọ̀nba àkókò tí iná inú rẹ̀ fi ń padà sípò kó tó tún lù. Oògùn yìí máa ń fa àkókò náà gùn. Bí ó bá gùn díẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ó bá gùn jù, ọmọ odó méjèèjì á kọlu ara wọn. Ọkàn á máa gbọ̀n, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú, èèyàn á ṣubú lulẹ̀ gbì. Ìgbà mìíràn á jí. Ìgbà mìíràn kò ní jí mọ́.

Àyẹ̀wò kan wà tó ń fi èyí hàn, ECG ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ ọ láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ á ya ìlà sórí bébà. Kò ní abẹ́rẹ́, kò dunni. Mo sọ fún ẹbí pé kí a gbé Lásún lọ ṣe é ní Òṣogbo. Bàbá Alhájì, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ àgbà ilé báyìí, fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ní, "Orí ló ń ṣe ọmọ, ìwọ ń wá ọkàn kiri. Bí òrùlé bá ń jò, ṣé ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo padà sídìí bébà mi.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Ráfíátù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ti kú ni, ọwọ́ wa ló dàgbà sí. Ó rí ọkọ, Jámíù, ọmọ Ìfọ́n, olùkọ́ ni, ọmọ gidi. Ẹ sì mọ̀ pé kí àwọn àgbà tó gbà pé kí ọmọ méjì fẹ́ ara wọn, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Wọ́n á fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n á wá jókòó sí pálọ̀ yín, wọ́n á máa mu omi, wọ́n á máa wo ojú. Kí ni wọ́n ń wá? Ẹ̀tẹ̀, wàrápá àti wèrè. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

Tiwa tún wá ní òdì kan nínú. Àwa àti Ìfọ́n, bí ọ̀rọ̀ ìyàwó bá dé, a di àna tímọ́tímọ́. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé, kò sí èébú tí a kì í bú ara wa. Bàbá Alhájì ko gbogbo wa jọ ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí àwọn àna ń bọ̀, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní jókòó kí ará Ìfọ́n gba ohun tí yóò fi bú Ìlobù lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá tún gbóná, wèrè ilé wa ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ lórin.

Nítorí náà, káàdì ilé ìwòsàn Lásún gbọ́dọ̀ kúrò lórí tábìlì. Ìgò oògùn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò. Wọ́n ní kí a da hóró oògùn náà sínú ìgò Vitamin C, kí a gbé e sórí férémù fèrèsé bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Lásún jókòó sí kọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ó rọra béèrè pé bí òun bá fẹnu ara òun sọ fún wọn ńkọ́? Bàbá Alhájì ní kó má dá àwọn lóhùn bẹ́ẹ̀ mọ́, pé àbí kò fẹ́ kí Ráfíátù lọ́kọ ni.

Ẹ óò béèrè pé Dókítà Bébà ńkọ́? Dókítà Bébà wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi omi gbígbóná ṣan ìgò Vitamin C náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbẹ ẹ́ dáadáa, kí èérún Vitamin má baà ba haloperidol jẹ́. Bí mo ṣe gọ̀ tó nìyẹn. Mo ń ṣọ́ kí ìgò mọ́, mo sì fi irọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo fẹ́ràn Ráfíátù, mo ní ọjọ́ kan péré ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru mú Lásún. Ó ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi kò sí nílé ní ọjọ́ Sátidé, ìkómọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni mo lọ. Sìkírá bá mú ọkọ rẹ̀ lọ sí kẹ́mísìtì ìtòsí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kẹ́mísìtì náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ o. Ó béèrè pé kí ni oògùn mìíràn tí ọkùnrin yìí ń lò. Sìkírá, tí àgbà ti kìlọ̀ fún, yọ ìgò kan jáde nínú báàgì, ó ní Vitamin C ni. Kẹ́mísìtì wo ìgò, ó rí Vitamin C. Kí ni kó tún ṣe? Ó fún un ní erythromycin fún ikọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ka bébà, ẹ gbọ́: erythromycin náà wà lára àwọn oògùn tó ń fa àkókò ọkàn gùn. Ìgbẹ́ gbuuru ní tirẹ̀ ń da iyọ̀ ara sílẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní pọtáṣíọ̀mù, tí ọkàn fi ń padà sípò. Pẹ̀lú haloperidol, ìyẹn jẹ́ mẹ́ta tán.

Ìkẹrin dé láti ẹnu Bàbá Alhájì. Wọ́n pe Sìkírá sẹ́yìnkùlé ní alẹ́ Sátidé, wọ́n ní kí ó fún Lásún ní hóró méjì dípò ẹyọ kan, kí ó sì tún fún un ní méjì láàárọ̀, kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́ níwájú àwọn àna. Ẹni tó ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ọdún mẹ́jọ! Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Ta ni yóò sọ fún mi?

Wọ́n dé ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday. Ìyá ọkọ, tí a ń pè ní Alhaja, àti Bàbá Jámíù, pẹ̀lú mọ́tò wọn. A kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. A kí wọn kú ìrìn, kú oòrùn, kú àtijọ́, bí ẹni pé láti Mẹ́kà ni wọ́n ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ìrìn tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn ni láàárín wa. Alhaja jókòó, wọ́n wo àjà, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo Lásún. Lásún ń làágùn. Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Alhaja gbé ife omi sílẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ẹnu àgbà ni mo fi ń béèrè. Ṣé kò sí àìsàn kankan tó máa ń dààmú yín nínú ẹbí?"

"Àìsàn kẹ̀?" Bàbá Alhájì rẹ́rìn-ín. "Ibà ni, Alhaja. Bí ibà bá ti kúrò, kò sí nǹkan tó mọ ilé wa."

"Alhamdulillahi," ni Alhaja wí. Àmọ́ ojú wọn kò kúrò lára Lásún.

Bàbá Alhájì wá ní kí Lásún dìde lọ gbé àga kan tó kàn wá kí àwọn àna rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó dìde. Kò rìn ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo rí i tó na ọwọ́ sí ògiri, ọwọ́ kò kan ògiri, ó ṣubú lulẹ̀ bí igi tí wọ́n gé.

Ẹ wá wo ilé. Ẹnì kan ń pariwo àlùbọ́sà, ẹnì kan ń wá ṣíbí tí wọ́n máa fi há a lẹ́nu. Mo ti wà nílẹ̀, mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìka mi wà níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Lákọ̀ọ́kọ́ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó ń sáré bí eku inú páálí. Ó tún dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí lù dáadáa, Lásún sì la ojú. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogójì ìṣẹ́jú àáyá lọ, aago ọwọ́ mi ni mo ń wò.

Ó béèrè pé, "Àǹtí, ṣé mo sùn ni?"

Alhaja ti dìde dúró. Ohùn wọn ti yí padà. "Wàrápá ni?"

"Wàrápá kọ́ o, Alhaja, ẹ jọ̀ọ́," ni Bàbá Alhájì dáhùn kíákíá. "Ààwẹ̀ ló ń gbà. Ebi ló mú un."

Alhaja wo ìgò mọ́ọ̀tì tí Lásún ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán níwájú gbogbo wa. Wọ́n tún wo Bàbá Alhájì. "Ààwẹ̀," ni wọ́n wí. Kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n fi kún un, ó sì tó.

Mo sún mọ́ Bàbá Alhájì létí, mo ní ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Òṣogbo kíá, mo rò pé ọkàn rẹ̀ ni. Wọ́n fi ìgúnpá gún mi. Wọ́n ní bí a bá gbé e lọ, wọ́n á béèrè oògùn tó ń lò, àwọn ará Ìfọ́n á sì gbọ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ lọ.

Kí àlejò kọ́kọ́ lọ! Àgbà tó kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn.

Bí a ṣe ń fà á mọ́ ara wa lọ́wọ́ ni Lásún tún dákú, lórí ìjókòó lọ́tẹ̀ yìí. Orí rẹ̀ ṣubú sí ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ funfun. Ọwọ́ tí mo dì mú kò lù. Mo kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé mọ́kànlá. Mo rí Ráfíátù ní ẹnu ọ̀nà, ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, ìgbéyàwó rẹ̀ lè bá a lọ. Mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá là á, àbúrò mi ni yóò lọ. Ọkàn Lásún tún bẹ̀rẹ̀ sí lù ní méjìlá.

Mo kúnlẹ̀ síwájú Alhaja. Mo ní, "Ẹ mà, kì í ṣe wàrápá. Kì í ṣe ààwẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ dàrú ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó ń lo oògùn, ara rẹ̀ sì ti yá. Oògùn náà wà nínú ìgò Vitamin C tó wà lórí fèrèsé yẹn. Èmi ni mo fọ ìgò náà. A ń purọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò yín ni mo fẹ́."

"Dókítà Bébà, pa ẹnu rẹ dé!" Bàbá Alhájì pariwo mọ́ mi.

Bí ẹnì kan bá là á, gbogbo rẹ̀ á tú. Sìkírá bú sẹ́kún. Ó ní òun fún un ní méjì-méjì láti àná, pé Bàbá ló ní kí òun ṣe é, àti pé òun tún fún un ní oògùn ikọ́ láti kẹ́mísìtì. Ó fi páálí erythromycin hàn mí. Mo wo Bàbá Alhájì, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Alhaja kò sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Wọ́n yí sí Bàbá Jámíù, wọ́n ní, "Ẹ lọ gbé mọ́tò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yòókù kò ní sá lọ." Àwọn ará Ìfọ́n tí à ń bẹ̀rù ló gbé Lásún dé Òṣogbo. Bàbá Jámíù kò dúró fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan tí ojú rẹ̀ le. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀: haloperidol, iye tó lò àti ìgbà tó lò ó, erythromycin, ìgbẹ́ gbuuru láti ọjọ́ Ẹtì, ìdákú méjì. Kò béèrè pé ta ni mí. Ó pe ECG lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tí bébà jáde, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n wò ó. Ẹ fi ojú inú wo ìwé onílà kéékèèké bí ti ìṣirò. Àpótí kékeré kan dúró fún ogójì nínú ẹgbẹ̀rún ìdá ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ibi tí ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ sí lù dé ibi tí iná rẹ̀ ti padà sípò, kò yẹ kó ju àpótí mọ́kànlá lọ fún ọkùnrin. Bí ó bá ti kọjá méjìlá àbọ̀, ewu ńlá nìyẹn. Mo ka ti Lásún lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́rìnlá. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní bí ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà kò sí ìṣirò mìíràn tí a óò fi tún un ṣe. Mẹ́rìnlá ni mẹ́rìnlá.

Dókítà ní, "Ẹ mà mọ nǹkan tí ẹ ń wò."

Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó, ojú sì tún tì mí pé ó dùn mọ́ mi. Àbúrò mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń gba oríyìn.

Pọtáṣíọ̀mù rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n fi omi dírípù dá a padà, wọ́n fi magnẹ́síọ̀mù, iyọ̀ ara mìíràn tí ọkàn nílò, sí i, wọ́n dá erythromycin dúró, wọ́n dá haloperidol náà dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì so ẹ̀rọ mọ́ ọn láyà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, mo ka àpótí: mọ́kànlá ó lé díẹ̀. Mo jókòó sí ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, mo sunkún.

Ẹ rò pé Bàbá Alhájì kọ́gbọ́n? Wọ́n wá sí wọ́ọ̀dù, wọ́n kéde pé láti òní lọ, Lásún kò gbọ́dọ̀ fi oògùn kankan kan ẹnu mọ́, oògùn fẹ́ pa á. Ẹni tó sọ ẹyọ kan di méjì lánàá ló fẹ́ sọ ọ́ di òdo lónìí. Dókítà náà fi sùúrù ṣàlàyé pé bí Lásún bá dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, àìsàn ọpọlọ lè padà wá. Ó ní òun pẹ̀lú dókítà ọpọlọ ti jọ sọ̀rọ̀, wọ́n yóò pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọkàn lẹ́nu, wọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n yóò sì máa ya ECG. Bàbá Alhájì mi orí bí ẹni tó gbọ́. Wọn kò gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, a kò gbúròó Ìfọ́n. Ráfíátù kò dá mi lẹ́bi, àmọ́ kò jẹun dáadáa. Bàbá Alhájì kì í dáhùn ìkíni mi. Wọ́n sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé bébà mi ti gba ọkọ mọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Alhaja wá padà dé. Àwọn nìkan. Wọn kò jẹ́ kí Bàbá Alhájì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Lásún ni àwọn wá bá, kó sọ tẹnu rẹ̀.

Lásún dọ̀bálẹ̀, ó dìde jókòó. Ó sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn ohùn náà ń sọ fún un, bó ṣe bẹ̀rù tó, orúkọ oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ àti èyí tó ń lò báyìí, iye rẹ̀ àti àkókò rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó parí rẹ̀ pé, "Ẹ mà, ọdún mẹ́jọ ni mo fi bá àìsàn yìí gbé, kò pa mí. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi pa á mọ́, mo sì fẹ́ẹ̀ kú."

Alhaja béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ta ni ó ń bá ọ ka oògùn rẹ báyìí?"

"Èmi fúnra mi, mà."

"Ó dára." Wọ́n gbé báàgì wọn. "Ẹ ní kí Ráfíátù wá kí mi ní ọjọ́ Àlàmísì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Bàbá, bí ẹ bá tún pè mí wá jẹ irọ́ nílé yín, mi ò ní mu omi tẹ̀ lé e."

Wọ́n so yìgì wọn ní oṣù tó kọjá. Bàbá Alhájì ló sọ̀rọ̀ ju gbogbo èèyàn lọ níbẹ̀. Mo sì fi etí ara mi gbọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ fún àlejò kan pé àwọn ni àwọn tètè fura pé ọkàn ni, pé àwọn ni àwọn ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí Òṣogbo. Mo yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé, ẹ gbà á bí ẹ bá fẹ́. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ń lo oògùn àìsàn ọpọlọ, ẹ bi dókítà rẹ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n ya ECG fún un, kí ẹ sì béèrè bóyá ó tún yẹ nígbà tí wọ́n bá fi oògùn mìíràn kún un. Ẹ má fi kún oògùn, ẹ má yọ kúrò, láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú un, ẹ tètè sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn. Bí ó bá dákú, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí àyà rẹ̀ ń lù lódì, ẹ má wá àlùbọ́sà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Ẹ̀yin tí ìtìjú yín tóbi ju ẹ̀mí èèyàn lọ, ẹ lọ fi ìtìjú náà tọ́jú ara yín, kí ẹ fi orúkọ oògùn sílẹ̀ lára ìgò rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lè rí i kà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Oògùn wo ni wọ́n ń pe ní orúkọ mìíràn nílé yín, nítorí ta ni? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Bí ojú bá ń tì yín láti dárúkọ ara yín, ẹ dárúkọ oògùn náà nìkan. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kà.